Sọ́rì àti Ẹ Pẹ̀lẹ́ ní Kọ́ọ̀tù Iléṣà

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣiṣẹ́ ògbufọ̀, mo dúró níwájú adájọ́ ní Òṣogbo, mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé èmi ni mo jí ewúrẹ́. Mo sọ ọ́ sókè dáadáa, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé adájọ́ yẹn kò fẹ́ràn ẹni tó ń kùn sínú. Ẹni tó jí ewúrẹ́ gan-an dúró lọ́wọ́ òsì mi. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, èmi sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Òfin iṣẹ́ wa ni pé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá pe ara rẹ̀ ní "èmi", "èmi" náà ni ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wí. Kò gbọdọ̀ sọ pé "ó ní òun ni."

Ìyá mi ti wá wò mí lẹ́nu iṣẹ́ tuntun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ró aṣọ tó dára, ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn tó wá gbọ́ ẹjọ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá bi ọkùnrin tó jókòó tì í pé kí ni ọmọ òun ń wí. Ọkùnrin náà kàwé díẹ̀. Ó ní, "Ó ní òun lòun jí ewúrẹ́ náà, Màmá." Ni ìyá mi bá bú sẹ́kún, ó sì ń sunkún títí ọlọ́pàá fi mú un jáde.

Nígbà tí mo délé, ó ti kó àwọn àbúrò bàbá mi jọ síta, gbogbo wọn ń retí mi.

"Sàká, ìgbà wo lo jí ewúrẹ́?"

"Mi ò jí ewúrẹ́, Ìyá mi. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo ń sọ."

"Ẹnu ta lo fi sọ ọ́?"

"Ẹnu mi ni."

Ó wo àwọn àbúrò bàbá mi lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Iṣẹ́ burúkú ni wọ́n gbé fún ọmọ mi."

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi lọ́jọ́ kejì, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú. Bàbá Láwànì ni a ń pè é, òun ni olórí àwa ògbufọ̀ ní kọ́ọ̀tù yẹn. Ọmọ Òṣogbo bíi tèmi ni, mùsùlùmí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í pa ìrun jẹ. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú rẹ̀ le. Ó ní ìyá mi ti mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ.

"Ẹnu lásán ni wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ fún," ó wí. "Má fi kún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, má sì yọ nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí lè sunkún, ẹkún rẹ̀ kì í ṣe tìẹ. Tó bá bínú, má bá a bínú. Tí o bá ń lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ ohun tí o rò."

Bàbá Láwànì ní ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá kan tí ikán ti jẹ èèpo rẹ̀. Ìdílé oníṣẹ́ awọ ló ti wá, ó ti fi awọ dì í padà, ó rán an pinpin bí ẹni rán bàtà. Bí ẹjọ́ bá tán lọ́sàn-án, a máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn kọ́ọ̀tù, yóò mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde, yóò sì ní kí n yí i ká títí n ó fi rí gbogbo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kì í mú èyí tó le. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ iléèwé mọ̀ ló máa ń mú.

Lọ́jọ́ kan, ó mú sọ́rì.

"Túmọ̀ rẹ̀ fún mi."

Mo ní, "Ẹ má bínú."

"Ó tán?"

"Ó tán, Bàbá."

"Òyìnbó tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ kí, sọ́rì ni ọ̀rẹ́ náà máa wí. Ṣé òun ló pa ìyàwó ni?"

Mo rò ó, mo ní ìyẹn ti di ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ní ó dáa. Ó ní òyìnbó tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ, sọ́rì ni yóò wí kí n lè tún un sọ, tó sì jẹ́ pé èmi ni mo ń kùn sínú. Èyí tí kò fẹ́ yá mi ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀ náà, sọ́rì ni. Tó bá rí ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí, tí ògiri rẹ̀ ń wó, ilé yẹn fúnra rẹ̀ ni yóò pè ní sọ́rì, ìyẹn ilé tó ṣe ni láàánú. Adájọ́ tó fẹ́ ju èèyàn sẹ́wọ̀n pàápàá lè kọ́kọ́ ní sọ́rì kó tó ka oṣù rẹ̀ fún un.

Ó ṣí ìwé rẹ̀ síbi tí wọ́n kọ orísun ọ̀rọ̀ náà sí. Ó ní láyé àwọn baba ńlá òyìnbó, inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe egbò àti ìrora ni sọ́rì ti jáde. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ìbànújẹ́ tó jọ ọ́ lójú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò bára tan. Ẹni tó bá wí sọ́rì nígbà náà, ohun tó ń sọ ni pé ó ń dun òun. Kò sọ ẹni tó dá egbò náà sí ara ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n fi ẹ̀bi kún un," ni Bàbá Láwànì wí. Ó pa ìwé dé, ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá. Èmi náà lọ sílé, mo rò pé eré la ṣe.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ sí Iléṣà. Ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà kò jìn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, ó dà bí ẹni pé mo ti kọjá odò ńlá. Ilé di ulé lẹ́nu wọn, ìlú di ùlú. Tí àgbàlagbà kan láti Ọ̀tan-Ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ilẹ̀, tí inú bá bí i, n ó kàn máa wo ẹnu rẹ̀ ni. Àwọn ará ìlú mọ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ rọra sọ ọ́, ọmọ Òṣogbo lakọ̀wé yìí." Mo fara balẹ̀ kọ́ ọ. Mo ń lọ sọ́jà Iléṣà láìra nǹkan kan, kí n lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bára wọn jà.

Iléṣà ni mo wà tí ẹjọ́ Súlè fi dé.

Awakọ̀ ni Súlè, ọmọ Òṣogbo, lọ́rì tó ń kó kòkó ló ń wà. Lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà Ìwàrà, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀ sáré bọ́ sójú títì láti ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tó dúró. Lọ́rì gbá a, ó sì kú. Ọmọ ọkọ̀ Súlè wà lórí àpò kòkó, ó ti sùn lọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ tó dúró wà nínú igbó. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Gbogbo awakọ̀ ló mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ń sá lọ tààrà, kí àwọn ará ìlú má baà lù wọ́n pa. Súlè kò sá. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé ọmọ náà sọ́wọ́, ó ń béèrè ilé wọn lọ́wọ́ ẹni tó bá pàdé, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Nígbà tó tẹ́ ọmọ sílẹ̀ tán, ó dojú bolẹ̀ níwájú ìyá náà. Ilẹ̀ yẹn ni ọlọ́pàá tó wá láti Iléṣà bá a. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó wakọ̀ níwàkuwà, ó fi pa èèyàn. Ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí ẹ̀sùn yẹn, Súlè kò sì ní lọ́yà.

Ọlọ́pàá yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ̀rọ̀, èmi ń sọ ọ́ fún Súlè ní Yorùbá. Ó ní òun wọn ojú ibi tí táyà ti fà lórí títì, ìyẹn kò sì fi ohun púpọ̀ hàn. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó wúwo. Ó ní nígbà tí òun dé ilé ìyá ọmọ, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yìí wà nílẹ̀, tó ń sọ pé sọ́rì, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba dìde, ó ní kí adájọ́ wò ó, kí ni ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ń bẹ̀bẹ̀ fún?

Adájọ́ bi Súlè bóyá ó ní ìbéèrè fún ọlọ́pàá. Súlè di igi tó yí ibi tó dúró sí ká mú.

"Mi ò ní ìbéèrè, sà. Bí wọ́n ṣe wí i ló rí. Mo bẹ ìyá ọmọ náà."

Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wí i. Èmi ni mo bẹ ìyá ọmọ náà. Adájọ́ gbé kálámù dúró, ó ní, "Ṣé ohun tó sọ gan-an nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ mi ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìlú mi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹni tí kò mọ òtítọ́ nínú kọ́ọ̀tù yẹn. Adájọ́ náà Yorùbá ni, Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Gbogbo wa la ti lọ kí ọlọ́fọ̀ rí, gbogbo wa la ti kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí a kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà níwájú adájọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́, sọ́rì nìkan ni a sì ti sọ fún un. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti la ẹnu.

"Sà, ní ilẹ̀ wa..."

Ó gbọ́wọ́ sókè. "Ògbufọ̀, ṣé o ti búra gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí?"

"Rárá, sà."

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni kí o sọ nígbà náà. Má sọ tìẹ."

Nígbà tó sún ẹjọ́ sí ọjọ́ mìíràn, tó ń kó ìwé rẹ̀ jọ, ó fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rọra sọ ọ́. Ó ní, "Ohun tí mo mọ̀ nílé bàbá mi, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Àfi kí ẹnì kan dúró níwájú mi, kó wí i."

Ẹni tó kù tó máa jẹ́rìí kò ju ìyá Bọ́sẹ̀ lọ, ìjọba ló sì pè é. Ta ni yóò retí pé òun ló máa gba Súlè sílẹ̀?

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́, Ràmátù ìyàwó Súlè wá bá mi nílé tí mo wọ̀ sí. Ó gbé ọmọ pọ̀n. Ó kúnlẹ̀, kò sì gbà kí n fún òun ní àga.

"Ẹ bá wa tún un ṣe. Ọmọ Òṣogbo ni yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ."

"Kí ni kí n tún ṣe?"

"Tí ìyá yẹn bá ní ó bẹ òun, ẹ sọ pé ó kí òun ni. Ta ló máa mọ̀?"

Mo sọ fún un pé mi ò lè ṣe é. Mo ní bí mo bá fi kún ọ̀rọ̀ nítorí ọkọ rẹ̀ lọ́la, kò sí ẹjọ́ ẹnikẹ́ni tí ẹnu mi tún máa wúlò fún. Òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ kò dùn lẹ́nu mi rárá. Ó dìde, ó jáde láìdágbére. Mi ò lè jẹ oúnjẹ tí mo gbé ka iwájú. Mo bínú sí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo rántí ìyá mi àti ewúrẹ́, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Ìyá Bọ́sẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú aṣọ dúdú lára. Epo pupa ló ń fọ̀ tà, kì í ṣe ẹni tó lówó. Ó fi Bíbélì búra. Ọ̀gá ọlọ́pàá bi í léèrè, mò ń túmọ̀.

"Kí ni ọkùnrin yìí ṣe nígbà tó dé ilé rẹ?"

"Ó gbé ọmọ mi lọ́wọ́. Ó rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀, bí ẹni pé ó ń sùn. Ó wá dojú bolẹ̀."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kí n pẹ̀lẹ́. Ó ní kí n má bínú, kí n fọwọ́ wọ́nú."

Mo lo sọ́rì fún un. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè lò láìfi tèmi kún un. Ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó, ara tù ú. Súlè ní òun kò ní ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ kò tíì gbé kálámù sílẹ̀.

"Bi í pé, nígbà tó wí bẹ́ẹ̀, kí ni òun gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà?"

Mo bi í. Ó yíjú sí Súlè, ó wò ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni Súlè ń lọ, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí. Èmi náà ń wo ẹnu rẹ̀.

"Adájọ́, ẹ jẹ́ n bi yín," ó wí. "Ta ni ò wá bẹ̀ mí nígbà tí ọmọ mi kú? Tíṣà rẹ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀. Pásítọ̀ wá sí ulé mi, ó ní kí n má bínú. Kábíyèsí rán àwọn ìjòyè sí mi, wọ́n ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi tí a ò kí ara wa láti ọjọ́ yìí, ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ọlọ́pàá tó wá sọ̀rọ̀ níbí yẹn, kó tó mú ohun tó fi ń wọn títì jáde, ó kọ́kọ́ ṣí fìlà, ó ní, 'Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú.' Tó bá jẹ́ pé ẹni tó bẹ̀ mí ló pa ọmọ mi, gbogbo ùlú ló pa á."

Ọlọ́pàá náà wà lórí àga nítòsí ògiri. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Àwọn yòókù fi ọwọ́ òfìfo wá," ni ìyá náà ń bá lọ. "Òun gbé ọmọ mi wá fún mi. Ó lè sá. Tó bá sá, ojú títì ni n ó ti lọ ṣa ọmọ mi." Ó di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti fi Bíbélì búra. Bọ́sẹ̀ máa ń sáré bọ́ sí títì. Mo ti bá a wí títí, mo ti nà án sí i. Kò gbọ́."

Mò ń tẹ̀lé e, bó ṣe ń sọ ni mò ń sọ. Tíṣà, sọ́rì. Pásítọ̀, sọ́rì. Àwọn ìjòyè, ìyàwó àbúrò ọkọ, sọ́rì, sọ́rì. Mi ò wá ọ̀rọ̀ mìíràn, mi ò sì yí ohùn padà. Nígbà tí mo fi máa wí i dé ti ọlọ́pàá, mo mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀bi ti já kúrò lára ọ̀rọ̀ náà. Egbò ló kù, bí Bàbá Láwànì ṣe fi hàn mí lórí bẹ́ńṣì. Ìyá yìí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì mú ẹ̀bi kúrò lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn, èmi ni mo ní láti wí i. Ọmọ mi máa ń sáré bọ́ sí títì. Mo ti bá ọmọ mi wí. Mi ò tíì gbéyàwó nígbà náà, mi ò bímọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì tún un bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ kò kán mi lójú. Ó tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán.

Ó dá Súlè sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kò sí ohun kan níwájú òun tó fi hàn pé ọkùnrin náà wakọ̀ níwàkuwà, àti pé òun kò lè fi ìkíni ju èèyàn sẹ́wọ̀n.

Mo ṣe iṣẹ́ yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti jí ọ̀pọ̀ ewúrẹ́, mo ti kọ ọ̀pọ̀ ìyàwó, mo ti jà du ilẹ̀ tí mi ò dé rí. Bàbá Láwànì lọ sí ọ̀run kí n tó kúrò ní Iléṣà, àmọ́ mo rí i kó tó lọ, mo sì sọ ẹjọ́ náà fún un. Mo sọ bí ó ṣe parí nínú kọ́ọ̀tù, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ níta. Nígbà tí mo sọ ti ìta, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn kò sí nínú ohun tí mo kọ́ ọ." Ó tún ní, "Ó yẹ kó wà níbẹ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níta nìyí. Nígbà tí mo jáde, Súlè àti Ràmátù wà nílẹ̀ níwájú ìyá Bọ́sẹ̀ lábẹ́ igi, ó ń gbé wọn dìde. Mo fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó rí mi.

"Akọ̀wé, wá."

Mo lọ bá a.

"Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ fún adájọ́, ṣé o gbọ́ wọn?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Ìwọ lo ń sọ ọ́ fún wọn. O sọ ti gbogbo wọn tán." Kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Ìwọ fúnra rẹ ò tíì kí mi."

Mo wọ ẹ̀wù dúdú tí mo fi ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ níbẹ̀ sì kún fún eruku. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ má bínú. Ó dùn mí." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mò ń sọ. Èmi ni mo wí i.